Àpérò ààbò kọ̀ǹpútà láti Abẹ́òkúta: èwo ni kí ẹ lọ gbọ́, èwo ni kí ẹ lọ sọ?

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà ní Abẹ́òkúta máa ń bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, àpérò wo ni kí n fowó lọ?" Ìbéèrè ni èmi náà fi ń dá wọn lóhùn: "Níbo ni wọ́n ti máa bi ẹ́ ní ìbéèrè?" Àwọn kan ń fi títóbi gbọ̀ngàn wọn àpérò, àwọn kan ń fi orúkọ ẹni tó máa sọ̀rọ̀ wọ̀n ọ́n, àwọn kan sì ń wo ìwé ẹ̀rí tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ bọ̀. Ní tèmi, ibi tí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà jù yín lọ ti máa gbọ́ ohun tí ẹ ṣe, tó máa wá ní, "Kí ló dé tí ẹ fi ṣe é báyìí?", ibẹ̀ ló yẹ kí owó yín lọ. Òṣùwọ̀n tí mo fi ṣe gbogbo ìfiwéra yìí nìyẹn. Ẹ máa rí i pé ó sábà máa ń gbè sẹ́yìn àpérò kékeré, ó sì ń gbè sẹ́yìn ẹni tó dìde sọ̀rọ̀ ju ẹni tó jókòó gbọ́ lọ.

Àpérò oníṣòwò àti àpérò àwọn ará iṣẹ́

Àpérò oníṣòwò ni èyí tí ilé-iṣẹ́ kan gbé kalẹ̀ láti fi pawó. Àwọn tó ń ta firewall, antivirus àtàwọn ohun èlò tó ń ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń sanwó ńlá kí wọ́n lè pa àtẹ síbẹ̀. Àgbà nínú wọn ni RSA Conference, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1991, tó ń wáyé ní San Francisco báyìí. Black Hat náà wà lára wọn. Jeff Moss ló dá a sílẹ̀ ní 1997, ó sì tà á ní 2005. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó gbọ́ àwọn ọ̀rọ̀ ìwádìí Black Hat ní Las Vegas máa san ju $2,000 lọ, a ò tíì ka owó ọkọ̀ òfuurufú mọ́ ọn. Èkó àti Àbújá náà ní àwọn àpérò tiwọn tó ń lo ìlànà yìí: gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì, àwọn ọ̀gá báńkì lórí pèpéle, oúnjẹ ọ̀sán, àtẹ àwọn onígbọ̀wọ́ lápá ọ̀tún àti lápá òsì.

Àpérò àwọn ará iṣẹ́ yàtọ̀ láti ìpìlẹ̀. BSides ni àpẹẹrẹ tó hàn jù. Ní 2009, Black Hat dá àbá ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ wá sọ padà torí pé ààyè kò gbà wọ́n. Àwọn kan lára wọn gba ilé kan ní Las Vegas, wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ wọn níbẹ̀. Láti ìgbà náà, ìlú tó bá wù ú lè ṣe tirẹ̀ lábẹ́ orúkọ yẹn. Wọ́n ti ṣe é ní Cape Town, ní Nairobi, ní Èkó náà. OWASP, ẹgbẹ́ àwọn tó ń rí sí ààbò wẹ́ẹ̀bù, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2001, tí gbogbo ẹni tó ń kọ wẹ́ẹ̀bù mọ̀ fún Top 10 rẹ̀, ìyẹn àkójọ ewu mẹ́wàá tó le jù fún wẹ́ẹ̀bù, ní ẹ̀ka káàkiri ayé, Èkó sì wà lára wọn. Ìpàdé ẹ̀ka OWASP ò gbọ́dọ̀ gbowó ẹnu ọ̀nà, ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ lè wọlé, òfin wọn ò sì gba ẹni tó bá fẹ́ lo pèpéle láti polówó ọjà.

Ibi tí ìyàtọ̀ wọn ti ń dun akẹ́kọ̀ọ́ jù ni pèpéle. Ní àpérò oníṣòwò, wọ́n ń ta apá kan lára àkókò ọ̀rọ̀ sísọ fún onígbọ̀wọ́. Black Hat máa ń ya tirẹ̀ sọ́tọ̀, ó sì ń kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé onígbọ̀wọ́ ló ni ín. Àwọn àpérò mìíràn ò ní kọ ọ́. Ẹ máa jókòó, ẹ máa gbọ́ ogójì ìṣẹ́jú nípa bí ayé ṣe bàjẹ́ tó, ní ìparí ni wọ́n máa wá fi orúkọ ọjà hàn. Kò sí ẹni tó máa bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, torí olùdarí ètò á ti ní àkókò ti lọ.

Síbẹ̀, mi ò ní kí ẹ má lọ. Tí ẹ bá jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ní báńkì kékeré kan ní Òkè-Ìlẹ̀wọ́, tí wọ́n sì ní kí ẹ ra ohun èlò ààbò kí ọdún tó parí, àpérò oníṣòwò ló yẹ yín. Ọjọ́ kan péré, ẹ lè dúró níwájú àtẹ márùn-ún, kí ẹ sì bi gbogbo wọn ní ìbéèrè kan náà. Níbo ni dátà àwọn oníbàárà wa máa wà? Tí nǹkan bá dàrú ní alẹ́ Sátidé, ta ló máa gbé fóònù, ṣé Nàìjíríà ló wà? Èló ni ti ọdún kejì, ṣé náírà ni ẹ máa gbà àbí dọ́là? Ìbéèrè ti dọ́là yìí ni kí ẹ tẹnu mọ́ jù, torí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló ti ra nǹkan ní ọdún kìíní tí agbára wọn ò gbé e mọ́ nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́ dọ̀tun. Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ lójú wọn.

Àmọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde, tí kò ní nǹkan kan láti rà, àpérò ará iṣẹ́ ni kó kọ́kọ́ lọ. Ẹni tó sọ̀rọ̀ ní aago mẹ́wàá lè jókòó tì yín ní aago méjìlá, kó máa jẹ ìrẹsì. Ẹ lè ṣí laptop yín, kí ẹ fi ohun tó ń dà yín láàmú hàn án. Tí owó bá sì jẹ́ ìṣòro, ẹ kọ̀wé sí àwọn olùṣètò pé ẹ fẹ́ bá wọn ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà: kí ẹ máa fi orúkọ àwọn àlejò sílẹ̀, kí ẹ máa gbé makirofóònù kiri. Ọ̀pọ̀ BSides ló ń jẹ́ kí ẹni bẹ́ẹ̀ wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó sì ń gbé makirofóònù lọ bá ẹni tó fẹ́ béèrè nǹkan máa ń mọ gbogbo èèyàn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Kí ẹ tó sanwó fún èyíkéyìí, ẹ wo ètò rẹ̀. Ṣé wọ́n ṣe CFP, ìyẹn ìkéde pé kí ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ fi àbá rẹ̀ ránṣẹ́? Ṣé àkókò ìbéèrè wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan? Àwọn tó máa sọ̀rọ̀ ńkọ́, ṣé àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ni àbí àwọn tó ń tà á? Ìbéèrè mẹ́ta yìí ti tó. Ẹ sì ṣọ́ra fún ímeèlì tó máa ń wá láìròtẹ́lẹ̀ pé wọ́n ti yàn yín láti sọ̀rọ̀ ní Toronto tàbí Dubai, pé kí ẹ san owó ìforúkọsílẹ̀ kí wọ́n lè fi ìwé ìpè físà ránṣẹ́. Ẹni tí ẹ kò fi àbá ránṣẹ́ sí, kò lè gba àbá yín wọlé. Oníjìbìtì ni.

Èkó, Àbújá, tàbí òkè òkun

Ẹni tó ń gbé Abẹ́òkúta ní àǹfààní kan tí ẹni tó ń gbé Ìlọrin tàbí Àkúrẹ́ ò ní: ọkọ̀ ojú irin. Láti ọdún 2021 ni ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ti ń gbé èrò, ó sì ń dúró ní ibùdó Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ní Láderin. Ibùdó Mobọ́lájí Johnson ní Alágomèjì ló máa já yín sí ní Èkó, tó jẹ́ pé tí àpérò bá wà ní Yábàá, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀ nìyẹn. Victoria Island ló tún máa gba ọkọ̀ mìíràn. Ẹ fi wé ọkọ̀ gáréèjì Kútọ̀: ti Kútọ̀ máa gbéra nígbà tó bá kún, ó lè já yín sí ìtòsí ibi tí ẹ ń lọ, àmọ́ kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà nípa súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó wà ní iwájú. Ọkọ̀ ojú irin ní àkókò tirẹ̀. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò ṣáájú ni bóyá àkókò yẹn bá ti àpérò mu, ní lílọ àti ní bíbọ̀. Láderin ò sì sí láàárín ìlú. Ẹ ka owó àti àkókò tí ẹ máa fi dé ibùdó mọ́ ìrìn-àjò náà.

Ẹni tó bá máa sọ̀rọ̀ ní àárọ̀, mo rọ̀ ọ́ kó sùn sí Èkó mọ́jú. Ẹni tó bá ń lọ gbọ́ lè pẹ́ dé. Olùbánisọ̀rọ̀ ò lè pẹ́.

Àbújá jẹ́ ti ẹni tó bá ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ tàbí tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. CSEAN, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà ní Nàìjíríà, máa ń ṣe àpérò Cyber Secure Nigeria níbẹ̀, àwọn tó ń ṣe òfin àtàwọn tó ń fi òfin múlẹ̀ sì máa ń wà ní tòsí. Tí ọ̀rọ̀ yín bá dá lórí òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023, tàbí òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti 2015 tí wọ́n tún ṣe ní 2024, Àbújá ni ẹ ti máa rí ẹni tó máa ta kò yín dáadáa.

Ní ti òkè òkun, ẹ yà á sí méjì. Accra kò béèrè físà lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà. Àdéhùn ECOWAS fún yín ní àádọ́rùn-ún ọjọ́. Las Vegas, ẹ máa san owó físà tí wọn kì í dá padà, àpérò tó gba àbá yín wọlé ò sì lè fi dá yín lójú pé físà máa jáde. Ohun tó dára nínú ti Las Vegas ni pé ọ̀sẹ̀ kan náà nínú oṣù kẹjọ ni Black Hat, BSides àti DEF CON ń tẹ̀ léra. DEF CON, tí Jeff Moss kan náà dá sílẹ̀ ní 1993, máa ń gba owó lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà láìbéèrè orúkọ yín. Black Hat sì máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ààyè ọ̀fẹ́, àmọ́ ìrìn-àjò wà lọ́rùn yín. Ìmọ̀ràn mi ni pé ẹni tí kò tíì sọ̀rọ̀ ní Èkó rí, kó má tíì lálàá físà. Owó ìrìn-àjò Las Vegas kan lè gbé e lọ sí gbogbo àpérò tó yẹ ní Nàìjíríà fún ọdún mélòó kan.

Lílọ gbọ́ àti lílọ sọ

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ìwé ẹ̀rí, torí òun ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sí àpérò. Ẹni tó gba CISA, ìwé ẹ̀rí àwọn tó ń yẹ ètò kọ̀ǹpútà wò, lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ISACA gbọ́dọ̀ kó wákàtí ìkẹ́kọ̀ọ́ 120 jọ láàárín ọdún mẹ́ta kí ìwé náà má bàa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ dín sí 20 lọ́dún kan. Ẹni tó ní CISSP, ìwé ẹ̀rí ààbò kọ̀ǹpútà mìíràn, 120 ni tòun náà láàárín ọdún mẹ́ta. ISACA ń ka 50 ìṣẹ́jú sí wákàtí kan. Tí ẹ bá jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ 40 ìṣẹ́jú, kò tó wákàtí kan. Àmọ́ ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà, tó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tó sọ ọ́, ìlọ́po márùn-ún àkókò yẹn ni ISACA máa kà fún un: 200 ìṣẹ́jú, ìyẹn wákàtí mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ kan náà, gbọ̀ngàn kan náà.

Ìdí tí wọ́n fi ń kà á bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ gbìyànjú láti ṣàlàyé fún ẹlòmíràn bí ẹnìkan ṣe wọ sáfà yín, ẹ máa rí ibi tí ẹ̀yin fúnra yín ò ti mọ̀. Ẹ máa padà lọ wo àkọsílẹ̀, ẹ máa tún un ṣe nínú kọ̀ǹpútà ìdánwò, ẹ máa ka ìwé tí ẹ ti rò pé ẹ ti kà. Ẹni tó jókòó gbọ́ ò ní ìdí láti ṣe gbogbo èyí.

Olùbánisọ̀rọ̀ kì í sì í sanwó ẹnu ọ̀nà ní ibi tó mọ́yán lórí. Lẹ́yìn tó bá sọ̀ kalẹ̀, kò ní láti máa wá ẹni tó máa bá sọ̀rọ̀. Wọ́n máa ń wá bá a fúnra wọn, ohun tó sọ sì ni wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀. Fún ẹni tí ojú ń tì láti lọ bá àjèjì, ọ̀nà yìí rọrùn ju kó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́.

Lílọ gbọ́ ní àyè tirẹ̀. Ẹ lọ gbọ́ ní àpérò kan kí ẹ tó fi àbá ránṣẹ́ síbẹ̀, kí ẹ lè mọ ohun tí àwọn èèyàn ibẹ̀ ti gbọ́ sú.

Irú ọ̀rọ̀ tí ẹ lè sọ

| Irú rẹ̀ | Bó ṣe ń gùn tó | Ohun tó ń gbà lọ́wọ́ yín | Ìbéèrè tó ń mú wá |
|---|---|---|---|
| Lightning talk | 5 sí 10 ìṣẹ́jú | Kókó kan ṣoṣo, slide díẹ̀ | Díẹ̀ ní gbọ̀ngàn, púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ |
| Ọ̀rọ̀ kíkún | 20 sí 45 ìṣẹ́jú | Ìwádìí tó ti parí, àti ìgbaradì ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan | Èyí tó dára jù |
| Workshop | Wákàtí méjì sí mẹ́rin | Ohun èlò, olùrànlọ́wọ́, iná, sùúrù | Kì í dáwọ́ dúró |
| Panel | Wákàtí kan | Kí ẹ ṣáà dé | Ti olùdarí ètò nìkan |

Mo mọ̀ pé panel ló rọrùn jù láti wọ̀. Wọ́n máa pè yín, ẹ máa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn mẹ́rin mìíràn, ẹ máa sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́jọ lápapọ̀. Ẹnu dùn-ún ròfọ́ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀. Fọ́tò máa dára, àmọ́ kò sí ẹni tó máa yẹ iṣẹ́ yín wò. Ẹni tó ti ní orúkọ lè gbà á. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá a, kó wá ibòmíràn.

Lightning talk ni mo fẹ́ràn jù fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún ò gba àlàyé ìtàn íntánẹ́ẹ̀tì láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ẹ máa sọ ohun kan tí ẹ rí, bí ẹ ṣe rí i, àti ohun tí ẹ ṣe sí i. Tí ẹ̀rù bá tiẹ̀ bà yín, kí ẹ̀rù náà tó balẹ̀ ẹ ti parí.

Workshop jẹ́ ti ẹni tó ti mọ ibi tí iná ti lè lọ. Ẹ má gbọ́kàn lé Wi-Fi gbọ̀ngàn: ohun tí ogún èèyàn máa gbà sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kó o sórí flash mélòó kan kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ olùṣètò bóyá jẹnẹrétọ̀ ń gbé gbogbo ihò iná inú yàrá àbí gílóòbù nìkan, torí laptop ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ò lè lo wákàtí kan láìsí iná. Ẹ mú ẹnìkejì dání tó máa rìn láàárín àwọn ìjókòó, kí ẹni tí tirẹ̀ kọ̀ láti ṣí má bàa dá gbogbo yàrá dúró.

Kókó ọ̀rọ̀: èyí tó tóbi àti èyí tó jẹ́ tiyín

Ẹ wo àbá méjì yìí bí ẹni pé ẹ̀yin ni ẹ̀ ń yàn.

Èkíní: "Ààbò ayélujára ní Nàìjíríà: ìpèníjà àti ọ̀nà àbáyọ. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, a máa wo oríṣiríṣi ewu tó wà lórí ayélujára, a sì máa jíròrò lórí ipa tí ìjọba, ilé-iṣẹ́ aládàáni àti ará ìlú lè kó."

Èkejì: "Bí wọ́n ṣe ń gba WhatsApp àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Oníjìbìtì á pe akọ̀wé ẹgbẹ́ bí ẹni tó fẹ́ fi í sínú ìpàdé orí Zoom, á sì gba nọ́ńbà mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù rẹ̀. Màá fi ìgbésẹ̀ wọn hàn ní ìkọ̀ọ̀kan, ibi méjì tí ẹgbẹ́ ti lè dá wọn dúró, àti ohun tí akọ̀wé lè ṣe ní wákàtí àkọ́kọ́. Ẹni tó bá gbọ́ ọ máa lè kọ́ ẹgbẹ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ kejì."

Àbá bíi ti èkíní ló ń kún àpótí àwọn olùyẹ̀wò. Kò ní àṣìṣe, kò sì ní ẹni tó kọ ọ́. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́. Èkejì sọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, ohun tó ṣẹlẹ̀, àti ohun tí olùgbọ́ máa mú lọ. Ẹ kíyè sí i pé kò ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kankan tí akẹ́kọ̀ọ́ FUNAAB tàbí MAPOLY ò ní. Ohun tó ní ni pé ẹni tó kọ ọ́ wà níbi tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ń gbé Abẹ́òkúta, tó mọ bí àwọn tó ń fi POS ṣòwò ní Pàńsẹ́kẹ̀ ṣe ń fún ọmọ iṣẹ́ ní PIN, bí ilé-ìwé ṣe ń fi password kan náà ṣí portal fún gbogbo olùkọ́, ní ohun tí onímọ̀ ìwádìí láti San Francisco ò ní. Àwọn àpérò kan máa ń bo orúkọ ẹni tó fi àbá ránṣẹ́ mọ́ àwọn olùyẹ̀wò lójú. Níbẹ̀, àbá yín nìkan ló máa sọ̀rọ̀ fún yín. Ẹ jẹ́ kí ìlapa èrò yín kún, kí wọ́n lè rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti wà ní orí yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀ ni òfin, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fò ó. Ìṣẹ̀lẹ̀ tó ṣẹ̀ níbi iṣẹ́ yín, ẹ gba àṣẹ ọ̀gá yín ní kíkọ sílẹ̀ kí ẹ tó sọ ọ́ níta. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti nọ́ńbà àkáǹtì oníbàárà ò gbọ́dọ̀ hàn lórí slide, kódà tí ẹ bá rò pé ẹ ti pa á rẹ́; òfin ìdáàbòbò dátà 2023 kàn yín gẹ́gẹ́ bó ṣe kan báńkì. Tó bá jẹ́ àlébù ni ẹ rí nínú ẹ̀rọ tàbí wẹ́ẹ̀bù ẹlòmíràn, ẹ kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó ni ín, kí ẹ sì fún un láyè láti tún un ṣe. Project Zero, àwọn tó ń wá àlébù fún Google, máa ń fún ilé-iṣẹ́ ní 90 ọjọ́. Tí ẹni náà ò bá dáhùn, ngCERT, ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ìkọlù orí kọ̀ǹpútà, wà tí ẹ lè kàn sí ní Nàìjíríà. Ẹ má sì yẹ ẹ̀rọ ẹni tí kò fún yín láṣẹ wò rárá, bó ti wù kí èrò yín mọ́ tó. Òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti 2015 kò mọ inú rere lójú. Àṣẹ ló ń béèrè.

Tí àwọn èèyàn bá sì sọ nǹkan fún yín ní àpérò, ẹ bi wọ́n bóyá ó ṣeé sọ síta. Àwọ̀ mẹ́rin TLP, ìyẹn àmì tó ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ lè dé, ni a ń lò: pupa ò kọjá ẹni tó wà níbẹ̀, amber ò kọjá ilé-iṣẹ́ yín àtàwọn oníbàárà tó kàn, àwọ̀ ewé wà fún àwọn ará iṣẹ́, clear sì wà fún gbogbo ayé.

Wíwò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Èyí kò gbà wá lákòókò. Ọ̀rọ̀ DEF CON wà lórí YouTube lọ́fẹ̀ẹ́, ti Black Hat náà, ti àpérò àwọn ará Jámánì tó ti wà láti 1984 sì wà ní media.ccc.de. Tó bá jẹ́ ìmọ̀ nìkan ni ẹ̀ ń wá, dátà ló ná yín, ẹ sì lè dá a dúró kí ẹ tún gbọ́ ọ. Àmọ́ ojú lọ̀rọ̀ wà. Fídíò ò lè bi yín ní ìbéèrè. Ẹ wo ti òkè òkun nílé, ẹ fi ẹsẹ̀ yín lọ sí ti Èkó.

Nígbà tí ẹ bá sì débẹ̀, ẹ lo dátà orí fóònù yín dípò Wi-Fi ibẹ̀. DEF CON ní ògiri kan tí wọ́n ń pè ní Wall of Sheep, níbi tí wọ́n ti ń gbé orúkọ ẹni tí password rẹ̀ kọjá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì láìsí ààbò hàn. Ti Èkó lè má ní ògiri. Ẹni tó ń wò ó lè wà níbẹ̀. Flash ọ̀fẹ́ orí àtẹ náà, ẹ má kì í bọ kọ̀ǹpútà iṣẹ́.

Níwájú ará iṣẹ́, tàbí níwájú ará ìlú

Ìfiwéra yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe, òun ló sì sún mọ́ ọkàn mi jù. Lọ́dọọdún, láti 2004, oṣù kẹwàá ni wọ́n ń fi ṣe ìlanilọ́yẹ̀ lórí ààbò kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, ayé yòókù sì ti ń bá wọn ṣe é. Ní oṣù náà, báńkì, ilé-ìwé àti ìjọ máa ń wá ẹni tó máa bá àwọn èèyàn wọn sọ̀rọ̀. Ẹ kọ lẹ́tà yín ní oṣù kẹjọ, kí ètò wọn tó kún. Kò pọn dandan kí ẹ gba gbọ̀ngàn OOPL, ilé ìkàwé Ọbásanjọ́, ní Òkè-Mosàn. Kíláàsì kan ní MAPOLY tàbí ìpàdé oṣooṣù ẹgbẹ́ ọlọ́jà ti tó, èdè Yorùbá ni kí ẹ sì fi sọ ọ́.

Níwájú ará iṣẹ́, ẹ lè fi ọ̀rọ̀ ńlá bo ibi tí kò yé yín. Níwájú àwọn ìyá tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, kò ṣeé ṣe. Wọ́n máa dá yín dúró: "Ẹ dákun, kí nìyẹn?" Ìyá kan lè dìde pé, "Tí mo bá ti ka nọ́ńbà mẹ́fà náà sí i létí ńkọ́, ṣé ó ti parí nìyẹn?" Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló máa ń gba ibẹ̀ lọ síbi ìdènà, torí ìdènà ni wọ́n kọ́. Ìyá náà fẹ́ ìdáhùn. Kò tíì parí, Mà: kí ẹ tún WhatsApp yín ṣí pẹ̀lú nọ́ńbà yín lójú ẹsẹ̀, kí ẹ gba nọ́ńbà mẹ́fà tuntun, tí ẹ bá ti fi sí i, yóò lé ẹni náà jáde. Tó bá ti fi PIN tirẹ̀ sí i, ẹ máa dúró fún ọjọ́ méje kí ẹ tó lè wọlé, àmọ́ òun náà ò ní lè lò ó mọ́ ní gbogbo ọjọ́ méje yẹn. Ẹ yáa ní kí ọmọ yín pe àwọn oníbàárà yín lórí fóònù, kí ẹnikẹ́ni má sanwó. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin náà ẹ fi PIN sí tiyín.

Ẹ mú ìwé dání lọ sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, kí ẹ kọ gbogbo ìbéèrè wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe bi í, títí kan èyí tí ẹ ò lè dáhùn. Èyí tí ẹ ò lè dáhùn yẹn ni kí ẹ lọ wádìí, òun náà sì ni kí ẹ fi kọ àbá tí ẹ máa fi ránṣẹ́ sí Èkó.